Ìtàn Ìgbésí Ayé James Cook, Arìnrìn-àjò Ojú Òkun

Bí a bá mú àwòrán ayé tí ó rí roboto bí ọsàn, tí a fi ìka kan òkè rẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni ìpẹ̀kun àríwá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ni ìpẹ̀kun gúúsù. Ibi méjèèjì yìí wà lára ibi tí òtútù ti ń mú jù lọ ní gbogbo ayé. Òtútù ọyẹ́ tí ó ń mú wa ní oṣù kejìlá kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkun pàápàá ń dì níbẹ̀, ó ń le gbagidi, ènìyàn sì lè rìn lórí rẹ̀. Ní àríwá, òkun ni ó wà láàárín tí ilẹ̀ yí i ká, àwọn ènìyàn sì ti ń gbé etí òkun náà láti ayébáyé. Ní gúúsù, ilẹ̀ ńlá kan tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ ni ó wà láàárín tí òkun yí i ká. Antákítíkà ni orúkọ ilẹ̀ náà. Kò ní ọba, kò ní ìlú, kò ní ọjà.

Ọkùnrin tí a fẹ́ ka ìtàn rẹ̀ yìí fi ọkọ̀ onígbòkun dé etí yìnyín gúúsù, ó sì dé etí yìnyín àríwá. Orúkọ rẹ̀ ni James Cook.

Abúlé kan tí ń jẹ́ Marton, ní ẹkùn Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1728. Alágbàṣe ni bàbá rẹ̀. Oko olóko ni ó ń ro jẹun. Ọ̀gá tí bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ni ó san owó ilé-ìwé ọmọ náà, níbi tí ó ti mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, tí ó sì mọ ìṣirò. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọmọ ọdún 17, wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan ní Staithes, abúlé àwọn apẹja létí òkun, kí ó máa bá a tajà. Ọkàn rẹ̀ kò sí nídìí ọjà rárá, òkun ni ó ń fà á. Kò pé ọdún méjì tí ó fi kúrò níbẹ̀ lọ sí Whitby, ó sì di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ John Walker, ẹni tí ó ní àwọn ọkọ̀ tí ń kó èédú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ọkọ̀ èédú wọ̀nyí ni Cook ti kọ́ iṣẹ́ òkun.

Ní ọdún 1755, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi odidi ọkọ̀ kan sí ìkáwọ́ rẹ̀. Cook kọ̀ ọ́. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ọba, níbi tí yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bóyá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìràwọ̀ àti oòrùn mọ ibi tí ọkọ̀ wà, àti bí a ṣe ń ya àwòrán etíkun kí ọkọ̀ mìíràn má baà forí sọ àpáta. Àwọn àwòrán tí ó yà ní Newfoundland, ní Àríwá Amẹ́ríkà, dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń lò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbé Elizabeth Batts ní ìyàwó ní ọdún 1762, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́fà. Díẹ̀ ni ọjọ́ tí ó fi ń bá wọn gbé, nítorí pé iṣẹ́ òkun kì í jẹ́ kí bàbá jókòó sílé.

Láti ọdún 1768 sí 1771, ó rin ìrìn-àjò àkọ́kọ́ rẹ̀ yí ayé ká, ó sì ya àwòrán etíkun New Zealand àti ti ìhà ìlà oòrùn Ọsirélíà. Ìrìn-àjò kejì ni ó gbé e dé ibi yìnyín.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gbàgbọ́ pé ilẹ̀ ńlá kan wà ní gúúsù ayé, ilẹ̀ tí ó lọ́ràá, tí ó kún fún ènìyàn àti ọrọ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì fi ojú rí i. Ìjọba ní kí Cook lọ wá a. Ọkọ̀ méjì, Resolution àti Adventure, ni wọ́n gbéra ní oṣù keje ọdún 1772. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1773, wọ́n kọjá ìlà tí àwọn onímọ̀ fà yí ìpẹ̀kun gúúsù ká, ìlà tí ó jẹ́ pé bí a bá ti ré e kọjá, ọjọ́ kan ó kéré tán wà nínú ọdún tí oòrùn kì í wọ̀ rárá. Kò sí ọkọ̀ kankan tí a mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀ rí.

Ìyà jẹ àwọn atukọ̀. Okùn ìgbòkun dì, ó le bí wáyà, ó ń gé wọn lọ́wọ́. Òkè yìnyín tí ó ga ju ilé lọ ń léfòó káàkiri nínú ìkùukùu, bí ọkọ̀ bá sì kọlù ú, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun kan ya wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá bu yìnyín náà sínú ọkọ̀, tí wọ́n yọ́ ọ lórí iná, omi dídùn tí kò níyọ̀ ni ó ń dà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí omi mu láàárín òkun.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1774, Cook dé ibi tí ó jìnnà jù lọ sí gúúsù nínú gbogbo ìrìn-àjò rẹ̀. Yìnyín tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀ bí pápá, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ lè gbà. Wọ́n ka òkè yìnyín mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lórí pápá náà. Ó yí ọkọ̀ padà. Kò mọ̀ pé Antákítíkà wà lẹ́yìn yìnyín yẹn. Ọdún 1820 ni àwọn ẹlòmíràn tó fi ojú rí i.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1775, wọ́n rí ilẹ̀ kan tí yìnyín bò lórí. Cook sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 17, ó yin ìbọn sókè, ó sì fi orúkọ Ọba Jọ́ọ̀jì pè é: South Georgia. Ó kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ńlá tí òun ń wá ni. Wọ́n tọ etíkun rẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan títí wọ́n fi dé igun rẹ̀, wọ́n sì rí i pé erékùṣù lásán ni. Cook sọ igun náà ní Igun Ìjákulẹ̀, orúkọ náà ni ó sì ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Kò sí igi kan ṣoṣo ní erékùṣù náà. Ohun tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tí kì í fò, àti síìlì. Síìlì jẹ́ ẹranko tí ó ń gbé inú òkun, tí ó ń jẹ ẹja àti edé, ṣùgbọ́n tí ó máa ń gun òkè wá bímọ sí etíkun. Irú rẹ̀ kan ní irun tí ó nípọn tí ó sì múná. Nítorí pé wọn kò rí ènìyàn rí, wọn kò sá fún ẹnikẹ́ni. Àwọn atukọ̀ pa díẹ̀ nínú wọn jẹ.

Nígbà tí Cook padà délé ní oṣù keje ọdún 1775, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ó ti kúrò. Nínú gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ Resolution, mẹ́rin péré ni ó kú, ẹnì kan ṣoṣo ni àìsàn sì pa nínú wọn. Nǹkan ńlá ni èyí jẹ́, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, àrùn kan tí ń mú kí èrìgì wú, kí eyín sì máa yọ dànù, a máa pa ìdajì àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà mìíràn. Àìrí ewébẹ̀ àti èso jẹ ni ó ń fà á. Cook mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ewé kábéèjì tí a fi iyọ̀ sí títí ó fi kan, ó sì ń wá ewébẹ̀ tútù fún wọn níbikíbi tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí. Ó ń mú kí wọ́n fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní pẹ̀lú. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn wúrà nítorí rẹ̀.

Ó kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1777. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń wá kò sí, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ lọ jìnnà ju òun lọ sí gúúsù, ayé kò ní rí èrè kankan jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn tí ń kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ó kọ ọ́ pé síìlì pọ̀ ní South Georgia. Gbólóhùn yìí ni àwọn oníṣòwò gbé lórí.

Kí ìwé náà tó jáde, Cook ti tún wọkọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1776, ó gbéra láti lọ wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lókè Amẹ́ríkà, ní ìhà àríwá. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Kerguelen ní gúúsù, níbi tí àwọn ẹranko etíkun kò ti sá fún wọn. Àwọn atukọ̀ fi kùmọ̀ pa ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá wọn ṣe òróró àtùpà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1778, wọ́n la ọ̀nà omi tóóró tí ó wà láàárín Éṣíà àti Amẹ́ríkà kọjá, wọ́n sì pàdé ògiri yìnyín ní àríwá. Lórí yìnyín náà ni àwọn ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní walrus dùbúlẹ̀ sí. Ó jọ síìlì, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ó sì ní eyín gígùn méjì bíi ti erin. Nígbà tí ìkùukùu bo ojú òkun, igbe àwọn ẹranko wọ̀nyí ni àwọn atukọ̀ fi ń mọ̀ pé yìnyín ti sún mọ́ wọn. Àwọn náà ni wọ́n tún yìnbọn pa fún oúnjẹ. Cook ṣàkíyèsí pé ìyá wọn kì í fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, yálà nínú omi tàbí lórí yìnyín. Ó ń jà fún un títí tí yóò fi kú. Ẹran náà kò dùn lẹ́nu àwọn atukọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní dandan ni kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọ̀nà kò là. Wọ́n padà sí àwọn erékùṣù Hawaii láti sinmi. Níbẹ̀ ni ìjà ti ṣẹlẹ̀ nítorí ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n jí. Cook fẹ́ mú ọba àwọn ará ibẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ títí wọn yóò fi dá ẹrù náà padà. Inú bí àwọn ènìyàn ọba, ta ni inú kò ní bí? Wọ́n pa Cook létí omi ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1779. Ọmọ àádọ́ta ọdún ni. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ gbé ayé títí di ọdún 1835, gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó sì kú ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé Cook kò kú. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láti Amẹ́ríkà fi ń wọ́ lọ sí South Georgia. Ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ìgbà oòrùn níbẹ̀, ìgbà náà sì ni síìlì ń gun òkè wá bímọ. Lórí ilẹ̀, síìlì kò lè sáré pẹ́. Kùmọ̀ ni wọ́n fi ń lù wọ́n lórí. Awọ wọn ni wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi irun rẹ̀ ṣe aṣọ òtútù. Ní ọdún 1800 sí 1801 nìkan, ọ̀gá ọkọ̀ kan láti New York, Edmund Fanning, kó awọ 57,000 kúrò ní South Georgia. James Weddell, tí òun náà jẹ́ ọdẹ síìlì, ṣírò rẹ̀ nígbà tí ó yá pé awọ tí wọ́n ti kó ní erékùṣù yẹn nìkan kò dín ní 1,200,000.

Nígbà tí wọ́n rí àwọn erékùṣù South Shetland ní ọdún 1819, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, síìlì onírun fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Wọ́n ń pa ìyá, ebi sì ń pa ọmọ kú. Kì í ṣe pé àwọn ọdẹ náà kò mọ̀ pé ẹran náà yóò tán. Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ní olúwa, kò ní òfin. Olúkúlùkù rò pé bí òun bá fi í sílẹ̀, ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kó o. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Ní òkun ìhà àríwá pẹ̀lú, awọ ẹranko kan tí ń gbé inú omi, tí àwọn ọmọ ọkọ̀ Cook fi nǹkan kékeré rà lọ́wọ́ àwọn ará etíkun Amẹ́ríkà, di ohun tí wọ́n tà ní owó gọbọi ní Ṣáínà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìròyìn tàn, àwọn ọkọ̀ sáré lọ, ẹranko náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Ọdún 1911 ni Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà àti Jàpáànù tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dáwọ́ pípa rẹ̀ lójú òkun dúró, àti ti síìlì onírun ti ìhà ibẹ̀.

Ní South Georgia, lẹ́yìn síìlì, ó kan ẹja àbùùbùtán, ẹranko tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Láti ọdún 1904 títí di nǹkan bí ọdún 1965, nǹkan bí 175,000 ni wọ́n pa tí wọ́n gbé wá sí àwọn ibùdó erékùṣù náà láti yọ òróró wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan ilẹ̀ Antákítíkà gan-an. Orílẹ̀-èdè méje ni ó ń sọ pé apá kan ibẹ̀ jẹ́ tiwọn, apá tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Argentina àti Chile ń tọ́ka sí sì wọ inú ara wọn. Ẹ mọ bí ìjà ààlà ilẹ̀ ṣe ń rí láàárín ẹbí méjì; ẹ wá rò ó bí ó bá jẹ́ láàárín àwọn tí ó ní ọkọ̀ ogun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1959, orílẹ̀-èdè 12 pàdé ní Washington, wọ́n sì fọwọ́ sí Àdéhùn Antákítíkà. South Africa nìkan ni ó wá láti Áfíríkà. Àdéhùn náà kò sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni báyìí, kò sì sọ pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní kí ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ ná. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ogun lọ síbẹ̀, kò gbọdọ̀ dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò níbẹ̀, àti pé ohun tí àwọn onímọ̀ bá rí níbẹ̀, kí wọ́n fi han ara wọn. Lónìí, orílẹ̀-èdè tí ó ti wọ inú rẹ̀ lé ní àádọ́ta. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ṣe ni àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pinnu máa ń jókòó sọ ọ̀rọ̀ títí ẹnu wọn yóò fi kò; bí ẹnì kan bá kọ̀, ọ̀rọ̀ náà dúró. Nígbà mìíràn èyí ń mú kí iṣẹ́ falẹ̀ púpọ̀.

Ní ọdún 1972, wọ́n ṣe àdéhùn ti síìlì lọ́tọ̀. Ní ọdún 1991, ní Madrid, wọ́n tún fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa kùsà ní Antákítíkà. Wọ́n ní kí a kó ajá pàápàá kúrò níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àrùn ajá lè ran síìlì. Kí àlejò tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lónìí, ó gbọ́dọ̀ fọ bàtà rẹ̀ kí èso koríko ibòmíràn má baà bá a wọlé.

Ti àríwá yàtọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Láti ọdún 1996, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ilẹ̀ wọn dé ibẹ̀ ti ní ìgbìmọ̀ kan, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ní àyè ìjókòó nínú rẹ̀. Òfin ìgbìmọ̀ kò lè dá ooru dúró. Èéfín ẹ̀rọ àti ọkọ̀ láti gbogbo ayé ń mú kí ayé móoru, yìnyín sì ń yọ́. Àwọn onímọ̀ ti mú àkọsílẹ̀ Cook wò, nítorí pé ó kọ ibi tí ògiri yìnyín wà ní oṣù kẹjọ ọdún 1778 sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ lóde òní, omi lásán ni yóò máa bá; yìnyín ti sún lọ jìnnàjìnnà sí àríwá.

South Georgia ńkọ́? Erékùṣù náà kò sí nínú ààlà Àdéhùn Antákítíkà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Argentina ń sọ pé òun ni ó ni ín. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n rí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú síìlì onírun tí ó ṣẹ́ kù sí erékùṣù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin ti wà nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n. Wọ́n bí sí i, wọ́n ń rẹ̀ sí i, kí ọ̀rúndún ogún tó parí, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ọ̀tá kan ṣẹ́ kù. Àwọn ọkọ̀ ọdẹ síìlì ti gbé eku wá láìmọ̀, eku náà sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ àwọn ẹyẹ tí ń yé sí ilẹ̀. Láti ọdún 2011 sí 2015, wọ́n fi hẹlikọ́pítà da oúnjẹ olóró sí gbogbo ibi tí eku wà ní erékùṣù náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n mú àwọn ajá tí a ti kọ́ ní gbígbóòórùn eku wá, wọ́n sì fi wọ́n wá gbogbo etíkun. Ní ọdún 2018 ni wọ́n kéde àbájáde rẹ̀: wọn kò rí eku kan ṣoṣo.